Rúlà Àlùfáà Mùsílíù

Àṣìṣe kékeré ni: Àlùfáà Mùsílíù fi rúlà wọn ọ̀nà lórí máàpù. Láti Lochinver, níbi tó sùn mọ́jú, dé Durness, ní ìpẹ̀kun àríwá Scotland, ó ní kò ju mílì márùndínlógójì lọ. Òótọ́ ni, fún ẹyẹ. Ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà ju àádọ́ta mílì lọ.

Durness ni Hameedah bímọ sí, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Àlùfáà ló kọ́ ọ ní kéwú nígbà tí wọ́n jọ ń gbé North Peckham Estate, ní London. Hameedah ti búra pé ẹlòmíì kò ní í sọ ọmọ òun lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ pé. Aago mọ́kànlá ni àdéhùn.

"Alfa, sat nav ní one hour forty," ni Wùmí, ọmọ Peckham tó wa mọ́tò gbé Àlùfáà wá láti London, wí, ó ń wo ẹ̀rọ atọ́nà. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, please."

"Sat nav rẹ ti lọ Mẹ́kà rí?" Àlùfáà tún béèrè tíì mìíràn.

Bó ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì Lewisham, á na ọ̀pá sí ilé onílé: "Dẹ́rẹ́bà, kí lẹ ń yí kiri fún? Lewisham nìyẹn!" Nígbà tí kánsù wó North Peckham, àwọn ará ilé ń sunkún. Àlùfáà ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà òun ni.

Aago mẹ́wàá kọjá kí wọ́n tó gbéra ní Lochinver. Àgùntàn dí ọ̀nà. Nígbà tó ku mílì mẹ́rin, táyà bẹ́.

"Mẹ́rin kọ́, méjì ni," ni Àlùfáà wí. Ó fi rúlà han Wùmí, ó ká jalámíà sókè, ó fi Wùmí sílẹ̀ nídìí mọ́tò, ó sì kọjú sí inú irà. Àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí ń sọ pé bàtà rẹ̀ méjèèjì ló sọnù síbẹ̀. Irọ́ ni wọ́n pa. Ẹyọ kan ni.

Ní Durness, ìdúró ti sú Sìdíkàt, ìyá ọkọ Hameedah. "Ẹ pe ọmọ yìí ní Àìṣát, ká jẹun jàre!"

"Ẹ ní sùúrù, Mummy. Ó ń bọ̀," ni Hameedah wí.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Àlùfáà kan ilẹ̀kùn, ẹrẹ̀ dé àyà.

"Alfa! Aago mọ́kànlá la sọ!" ni Sìdíkàt wí.

"Ṣé òòrùn ti wọ̀ ni? Ọjọ́ kẹjọ ò tíì tán."

Oṣù Kẹfà ni. Níbẹ̀ yẹn, òòrùn kì í wọ̀ kó tó kọjá aago mẹ́wàá. Sìdíkàt lọ bu omi wá fún un.

Àlùfáà fọ ọwọ́, ó gbé ọmọ, ó pe ìrun sí i létí, ó sì pè é ní Àìṣát. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ fún Hameedah pé, "Ọ̀nà yìí jìn o. Mo rò pé mi ò ní lè débí mọ́."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Hameedah kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí Àlùfáà fi kú, ní oṣù Kejì tó kọjá.

Apá àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ òkú kan ní gúúsù London, ìlà kẹta, lẹ́bàá ọgbà. Ibẹ̀ ló wà; kò wá ọ̀nà àbùjá mọ́.