Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Bi Àgbà Léèrè

Lọ́dún tí iná ń ṣe ségesège ní Accra, tí dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, sọ tẹlifíṣọ̀n gbogbo ilé di ohun ọ̀ṣọ́ lásán, ni Bàbá Olútóyè ti Lagos Town, àdúgbò kan níbẹ̀, sọ ara rẹ̀ di òǹkọ̀wé. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Lubabah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló fà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yìí gbọ́ Yorùbá yékéyéké, àmọ́ Twi ló fi ń fèsì. Bàbá á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ á ní, "Aane, Nana." Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dọ́kàn. Ẹ̀rù ń bà á pé òun máa kú láìgbọ́ odidi gbólóhùn Yorùbá kan lẹ́nu rẹ̀.

Ó bá kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kà: orí mẹ́jọ, lẹ́tà ńláńlá, gbólóhùn kéékèèké. Wọ́n jí bàtà lémọ́mù, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Morónfólú sì ń wá olè náà. Orí kan lójúmọ́ ni Lubabah ń kà, ìka rẹ̀ ò kúrò lórí lẹ́tà.

Àmọ́ kí ìwé náà tó lè dé kíláàsì Yorùbá àdúgbò, Alhaji Kàsímù, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó kíláàsì náà, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Aṣọ ni Alhaji ń tà ní Cow Lane, ó sì fi ọdún márùn-ún ju Olútóyè lọ. Ẹnì kan ti sọ ìtàn náà fún un, inú sì bí i.

"Olútóyè, ọmọ wo ló ń bi àgbà pé níbo lẹ wà lánàá? Kó kúnlẹ̀! Kó béèrè ilé, kó béèrè ọjà, kó tó béèrè ohunkóhun!"

Olútóyè tún un kọ. Nínú àtúnkọ náà, kí Morónfólú tó kí èèyàn tán, olè ti wọ bàtà, ó ti yà sí kọ̀rọ̀. Alhaji gba ìwé náà, ẹyọ kan ṣoṣo tó wà, pé òun fẹ́ kà á fínnífínní. Orí kẹfà ni Lubabah ṣẹ̀ṣẹ̀ kà dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Olútóyè béèrè lẹ́ẹ̀kan, Alhaji ní, "Mo ti kà á tán. Ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbìmọ̀." Akọ̀wé ní òun ò fojú kàn án rí. Ọkùnrin tó dá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀ ò wá lè bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nílé, Twi ni Lubabah fi ń béèrè ẹni tó jí bàtà. Bàbá ní kó fi Yorùbá béèrè, ó tún fi Twi bi í.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá mú un lọ kí Alhaji ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àgbà méjèèjì sọ̀rọ̀ ooru, wọ́n sọ̀rọ̀ aṣọ, wọn ò sọ̀rọ̀ ìwé. Lubabah wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó bá kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ilé ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni màmá wà?" Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni ìwé bàbá mi wà?"

Kò sí ibi tí Alhaji ti lè bá a wí, gbogbo òfin rẹ̀ lọmọ náà ti pa mọ́. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ tó jókòó lé, ó sì yọ ìwé náà jáde. Òwú pupa kan ló fi sàmì sí ojú ewé kẹrin.

"Ilé kéú ni wọ́n fi mí sí ní kékeré," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Lẹ́tà Lárúbáwá nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kà. Èyí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Kò tíì yé mi tán. Kíkí ni wọ́n ṣì ń kí ara wọn níbi tí mo dé. Ẹ má sọ ẹni tó jí bàtà fún mi o!"

Àánú Alhaji ṣe Olútóyè, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á. Lubabah jókòó ti Alhaji, ó ka ojú ewé méjì sí i létí. Wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀ fún un.

Nínú bọ́ọ̀sì trotro tí wọ́n wọ̀ padà sílé, kò sáyè ìkúnlẹ̀, ọmọ náà kàn tẹ orí ba.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Ara yín ńkọ́? Níbo lẹ wà lánàá nígbà tí kelewele mi tán nínú abọ́?"

Bàbá fúnra rẹ̀ ló jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ aláta ọ̀hún. Olútóyè jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Omi ti lé sí i lójú. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó tún bi òun lẹ́ẹ̀kan sí i.