Kóòtù Tí Mo Rà Lẹ́yìn Gbóyèga

Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé ni mo ti ilẹ̀kùn ilé wa ní Dagenham East pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ìyàwó mi, Ìyá Bùkọ́lá, má baà jí. Oṣù Kẹwàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Òkùnkùn ṣì bo ojú pópó, ìrì sì ti dì mọ́ gíláàsì àwọn mọ́tò. Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá rò pé ibi tó jìnnà ni mò ń lọ, rárá o. Ibẹ̀ kò jìnnà tó Ìjẹ̀bú-Òde sí Àgọ́-Ìwòyè. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìrìn tí mo ti rìn láti ọjọ́ tí mo ti dé Lọ́ńdọ̀nù, kò sí èyí tó tì mí lójú bíi rẹ̀.

Aṣọ ni mò ń lọ rà. Pọ́n-ùn márùndínlógójì ni mo ní lápò, owú ló sì jí mi dìde.

Èmi àti Gbóyèga jọ gbé yàrá kan náà ní yunifásítì. Láyé ìgbà náà, èmi ni mo máa ń múra. Bàbá mi ń ta aṣọ, ìlà iwájú ṣòkòtò mi lè gé búrẹ́dì, "Gẹ́ńtù" sì ni gbogbo ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí. Ṣòkòtò méjì péré ni Gbóyèga ní. Tèmi ló yá wọ̀ lọ síbi ijó ìparí ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kúrú fún un. Lónìí àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì wa kò sì jura lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí Gbóyèga tó ń bọ̀ lójú títì Chadwell Heath, ẹ ó rò pé aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè kan ni.

Èmi ńkọ́? Ìjọ Aládùúrà ni mo wà láti ọdún mẹ́tàlélógún. Sùtánà funfun la máa ń wọ̀ wọ ilé Ọlọ́run, ẹsẹ̀ lásán la sì fi ń rìn níbẹ̀. Bí èèyàn bá wọ àkísà sábẹ́ sùtánà, Ọlọ́run nìkan ló rí i. Sùtánà bo àṣírí mi títí mo fi gbàgbé pé aráyé ṣì ń wo aṣọ. Àwọn ará ìjọ Pẹ́ńtíkọ́stà bíi ti Gbóyèga, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń yẹ ara wọn wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn yìí, Àríkẹ́, ọmọ Bùkọ́lá, ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́, wá sọ fún wa pé ọjọ́ ìgboyèjáde òun ti sún mọ́lé. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì péré ni wọ́n fún un: ọ̀kan fún ìyá rẹ̀, ọ̀kan fún èmi. Gbóyèga wà ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ọmọ náà wò ó, ó wá wo èmi nínú jákẹ́ẹ̀tì mi tó ti já ní ìgbọ̀nwọ́.

"Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o," ó ní. "Ṣé ẹ lè múra bíi Grandpa Gbóyè lọ́jọ́ yẹn? Just that day."

Ìyá Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, o ti bá mi sọ ọ́."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi ń jó bí èédú.

Ẹ ó ní ṣé n kò ní agbádá ni? Mo ní ọ̀kan tó dára. Ṣùgbọ́n òtútù ìlú yìí kò mọ agbádá. Kóòtù lèèyàn máa gbé lé e, kóòtù ọ̀hún náà sì ni gbogbo ayé máa rí. N kò fẹ́ kí ọmọ náà máa wá ibi tó máa fi mí pamọ́ sí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbé ìtìjú mì, mo pe Gbóyèga lórí fóònù, mo béèrè ibi tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gẹ́ńtù fúnra rẹ̀!" ó pariwo. "Ayé ti yí o! Ó dáa, pàdé mi ní Sátidé, aago mẹ́fà, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń yà sí Becontree. Má mú owó púpọ̀ dání. Owó púpọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn la ojú rẹ̀ wo aṣọ."

Nígbà tí mo dé ibùdókọ̀, ó ti wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù dúdú pẹ̀lú síkáàfù pupa lọ́rùn. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù! Mo kí i, mo wo ibòmíràn.

Àwa àgbàlagbà kì í sanwó bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Káàdì kan ni ìjọba fún wa, a kàn ń fi kan ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Awakọ̀ ọjọ́ náà, arábìnrin kan tó ń sọ Yorùbá bí ará Abẹ́òkúta, wo àwọn báàgì òfìfo ọwọ́ wa.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá. Òkìrìkà ti yá nìyẹn!"

"A ń lọ síbi ìpàdé ni," Gbóyèga dá a lóhùn.

"Ìpàdé bẹ́ńdì-dán! Ẹ bá mi mú bàtà wá, sáìsì mẹ́fà."

Gbogbo ojú ọ̀nà Becontree jọra. Ilé oníbíríkì aláwọ̀ ilẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin, mẹ́fà mẹ́fà, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra, tí ìjọba kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní àárín ogun àgbáyé méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti di ilé aládàáni báyìí, tí wọ́n ń gba owó ilé rẹ̀ lọ́wọ́ àwa àlejò. Nílé, a lè fi igi ìrókò tàbí ilé alájà kan júwe ọ̀nà fún èèyàn. Níbí, àwọ̀ ilẹ̀kùn nìkan ló yàtọ̀.

Pápá kan lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní ìhà Barking ni ọjà náà wà. Ọjà búùtù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé inú búùtù mọ́tò ni àwọn tó ń tajà ti ń kó ẹrù jáde. Àádọ́ta pẹ́ńsì la san lẹ́nu ọ̀nà. Koríko tutù, ẹrẹ̀ wà, tọ́ọ̀ṣì sì ń tàn káàkiri bí ìmọ́lẹ̀ àwọn ọdẹ. Òyìnbó, ará Ròmáníà, ará Bangladesh, gbogbo wọn ló pàtẹ. Òkìrìkà tí ẹ̀ ń rà nílé, ibí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣà á. Ìyókù tí a kò fẹ́ ni wọ́n ń dì ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òyìnbó kì í ná ọjà. Mo gbọ́ obìnrin kan tó ná ìgò ọṣẹ ìfọwọ́ láti pọ́n-ùn kan sí ogún pẹ́ńsì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ Gbóyèga. Kì í kọ́kọ́ wo ìta aṣọ rárá. Ó máa ń yí i sódì, ó ń wo ojú rírán. Ó ń gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sókè sí tọ́ọ̀ṣì bóyá ìmọ́lẹ̀ máa là á kọjá. Ó ń gbóòórùn abíyá rẹ̀ láìtijú. Ó ń ká aṣọ náà mọ́ inú ìkúùkù rẹ̀, ó ń tú u sílẹ̀. Bí ó bá rún jọ, á dá a padà.

"Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo èyí?" mo bi í.

"Ilé iṣẹ́ aránṣọ," ó ní. "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi rán apá kóòtù níbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà sí pé mo wà ní ọ́fíìsì."

Mo rántí lẹ́tà náà. Mo jowú rẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú.

Ó ní kí n má ra ohun tí kò bá ohun tí mo ní lọ. "Aṣọ mẹ́fà tó bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ sàn ju ọgbọ̀n tó ń jà nínú kọ́bọ́ọ̀dù." Òun ló bá mi ṣa ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan àti aláwọ̀ ojú ọ̀run kan, pọ́n-ùn méjì méjì. Òun ló bá mi ná ṣòkòtò wúùlù kan láti mẹ́fà sí mẹ́rin.

Kóòtù ló wá di wàhálà. Kóòtù pọ̀ lọ́jà, ó pọ̀ jaburata, ṣùgbọ́n dúdú ni gbogbo wọn. Gbóyèga rí ọ̀kan ní pọ́n-ùn mẹ́jọ tó bá mi mu bí ìgbà tí wọ́n fi mí wọ̀n ọ́n.

"Ìjọ wa kì í wọ dúdú," mo ní. "A kì í wọ pupa náà."

Ó wò mí, ó wo kóòtù. "Ọlọ́run tìrẹ le o. Tèmi kò mọ̀ ju ìdámẹ́wàá lọ."

Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ló ti rí i. Kóòtù aláwọ̀ eérú, wúùlù gidi, aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ ń dán bí omi. Ìyá òyìnbó kan ló gbé e kọ́ sí ara ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ni ín. Gbóyèga yí i sódì, ó tún yí i padà. Kò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Ìyá náà ní pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì parí rẹ̀ sí méjìlá.

"Bá mi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," Gbóyèga sọ fún un. Ó yíjú sí mi. "Ohun tó bá ti ju pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ, mo gbọ́dọ̀ mu tíì kí n tó rà á. Bí tíì bá tán tí mo ṣì fẹ́ ẹ, mo fẹ́ ẹ nìyẹn. Dúró níbí, màá ra tìrẹ bọ̀."

Ó lọ. Mo ń wo kóòtù dúdú tó wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó ní kóòtù kan tẹ́lẹ̀. Ó ní ju ẹyọ kan lọ nílé. Nínú gbogbo pápá yẹn, kóòtù kan ṣoṣo ló wà tí ìjọ mi gbà mí láyè láti wọ̀, òun náà ló tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Gbóyèga.

Mo sún mọ́ ìyá náà. "Ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá sanwó rẹ̀," mo ní.

Ó ká a fún mi dáadáa. Mo gbé e sí ìsàlẹ̀ báàgì, mo kó àwọn ṣẹ́ẹ̀tì lé e lórí, mo sì lọ dúró nídìí àwo onígíláàsì tí n kò fẹ́ rà.

Gbóyèga padà dé pẹ̀lú ife tíì méjì. Ó gbé tèmi fún mi, ó mu tirẹ̀ tán, ó wá lọ sọ́dọ̀ ìyá náà. Mo rí i tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Mo rí ìyá náà tó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe. Gbóyèga rọra padà wá.

"Wọ́n ti rà á," ó ní.

"Ta ni?"

"Ó ní bàbá àgbàlagbà kan ni." Ó ju ife rẹ̀ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. "Jẹ́ ká lọ wá bàtà fún ẹ."

Ọkàn mi balẹ̀. Bàbá àgbàlagbà pọ̀ lọ́jà náà, mo sọ fún ara mi.

A rìn lọ sí àárín Barking, sí ṣọ́ọ̀bù àánú kan, níbi tí àwọn èèyàn ń fi aṣọ wọn tọrẹ, tí wọ́n sì ń tà á láti ṣe ìrànlọ́wọ́ fún aláìní. Gbóyèga kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí bàtà náà bóyá ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ní àyè. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, pọ́n-ùn méje. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wa padà, a kọjá Upney, a kọjá Becontree. Ó tẹjú mọ́ báàgì mi. "Kí ló wà nísàlẹ̀ yẹn tó wú báyìí?"

"Ìbora," mo ní. "Mo rà á fún Ìyá Bùkọ́lá."

"O ṣe dáadáa. Òtútù ń bọ̀." Ó sọ̀ ní Dagenham Heathway láti lọ wọ bọ́ọ̀sì ilé rẹ̀, ó sì juwọ́ sí mi láti orí pèpéle.

Nígbà tí mo délé, mo wọ kóòtù náà níwájú Ìyá Bùkọ́lá. Mo ti gbàgbé pé Gbóyèga fi orí kan ga jù mí lọ. Ọwọ́ mi méjèèjì sọnù sínú apá rẹ̀, etí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀.

"Ta lẹ bọ́ ọ lára rẹ̀?" ìyàwó mi bi mí.

Mo gbé e lọ bá alátùn-únṣe aṣọ kan lójú títì wa. Ogójì pọ́n-ùn ló ní kí n mú wá, pọ́n-ùn méje àti díẹ̀ ló sì kù lápò mi. Ọjọ́ ìgboyèjáde ku ọjọ́ mẹ́fà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó lè gé apá kóòtù. Mo jókòó ti fóònù fún bíi wákàtí kan kí n tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀.

"Gbóyè."

"Gẹ́ńtù," ó ní. "Ṣé apá rẹ̀ gùn?"

Mo gbé kóòtù náà kúrò lórí itan mi, bí ẹni pé ó ń rí mi.

"Mo ti ń retí rẹ láti ìgbà tí mo ti délé. Ìyá yẹn ní ọ̀rẹ́ mi mà kúkú ti bá mi sanwó. Mo ní bóyá wàá sọ ọ́ nínú ọkọ̀, ìbora lo fi dá mi lóhùn." Ó bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń rín ní yàrá wa nígbà kan. "Gbé e wá lọ́la lẹ́yìn ìsìn. Wọ bàtà yẹn wá, kí n lè mọ ibi tí màá gé etí rẹ̀ dé."

Mo lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n dúró ṣinṣin kí abẹ́rẹ́ má gún mi. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é, kò gba kọ́bọ̀.

Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi pọ̀. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí aṣọ sódì, mo ti mọ ìdí tó fi yẹ kéèyàn mu tíì kó tó sanwó. Ṣùgbọ́n kò wo owú mi sàn. Tẹ́lẹ̀, aṣọ Gbóyèga ni mò ń jowú. Báyìí, mo tún ń jowú bó ṣe lè rín ẹ̀rín yẹn.

Lọ́jọ́ ìgboyèjáde, Àríkẹ́ fà mí lọ́wọ́ lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ pa apá kóòtù náà. "Grandpa, ẹ fine gan-an! Níbo lẹ ti rí i?"

Mo lè sọ pé mo rà á. Òótọ́ ni.

"Ti Gbóyèga ni," mo ní. "Òun ló kọ́kọ́ rí i, òun náà ló sì tún un ṣe."

Ó dùn mí láti dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi nìkan. Ṣùgbọ́n mo dárúkọ rẹ̀.