Eruku Tí Mo Ń Wá Lórí Òkè Màpó

Ara mi kò balẹ̀ rárá lọ́sẹ̀ tí mo gbé ẹ̀rọ tí ń ka eruku wá sílé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Fásitì ló yá mi. Iṣẹ́ mi ni láti mọ bí ásíìdì inú afẹ́fẹ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ gáàsì mìíràn, irú èyí tó ń jáde lára ìtọ̀, tí wọ́n á di eruku tuntun tí ojú kò lè rí. Lókè réré, níbi tí òtútù wà, kíá ni wọ́n ń dì. Nílẹ̀, nínú ooru tiwa, ó dìgbà tí ásíìdì bá pọ̀ gan-an. Nírọ̀lẹ́, màá gbé ẹ̀rọ gun òkè Màpó. Láàárọ̀, màá gbé e sí orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa.

Ní Màpó, iye eruku tí ẹ̀rọ ń kà kì í yí padà. Nílé, ṣe ló máa ń fò sókè lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Mo ti ń ro bí màá ṣe sọ fún ọ̀gá mi pé ojú ọ̀run Ìbàdàn yàtọ̀. Òmùgọ̀ ni mí!

Lọ́jọ́ kẹrin, bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè ni mo gbọ́ ikọ́ bàbá mi nísàlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni wọ́n. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń fi ásíìdì fọ wúrà, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, kí atẹ́gùn má baà gbé eruku wúrà lọ. Àwọn àgbò Iléyá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òórùn ìtọ̀ àgbò ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé pàdé ásíìdì. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Odidi ọdún ni bàbá mi ti ń wúkọ́, tí a ń di ẹ̀bi ru ọyẹ́.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á ṣí fèrèsé. Ásíìdì yìí ló ń bá yín jà.”

Wọn ò gbójú sókè. “Òun náà ni mo fi rán ẹ níléèwé. Nígbà yẹn, o ò gbọ́ òórùn ẹ̀. Wúrà oníwúrà nìyí. Bí atẹ́gùn bá gbé e, kí ni mo fẹ́ wí?”

Ó dùn mí dé egungun. Mo jáde, mo tún wọlé, mo tún jáde. Nígbà tó yá, mo ṣí fèrèsé náà fúnra mi, mo sì jókòó láàárín rẹ̀ àti tábìlì wọn, mo fi ẹ̀yìn dí atẹ́gùn kí eruku wúrà má baà fò. Wọn ò lé mi.

Ibẹ̀ náà ni mò ń jókòó sí láràárọ̀. Ẹ̀rọ ti padà sí fásitì. Ikọ́ wọn ni mò ń kà báyìí.