Ilé Tó Jìnnà sí Ẹsẹ̀

Ní gbogbo ọdún tí Adédoyin fi ṣe olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èrìjìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀. Láti ilé ẹbí ọkọ rẹ̀ dé ilé-ìwé kò ju àkókò tí ènìyàn fi ń jẹ àgbàdo sísun kan tán lọ. Ibi tí wọ́n ti ń lọ ata wà lójú ọ̀nà, ṣọ́ọ̀ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọjà ò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kó tó dé ibikíbi, yóò ti kí tó ogún ènìyàn, yóò sì ti gbọ́ ẹni tó bímọ, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde, àti ẹni tí kòkó rẹ̀ jẹrà lórí igi. Òun àti Felicia, olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n jọ máa ń rìn. Àwọn ọmọ iléèwé a máa pè wọ́n ní "Tíṣà Méjì", torí pé wọn kì í rí ọ̀kan kí wọ́n má rí èkejì.

Ajíbádé, ọkọ rẹ̀, ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Aramọkọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í mutí, kì í gbé ohùn sókè sí ìyàwó, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti pinnu nínú ara rẹ̀, ó ti pinnu fún gbogbo ilé nìyẹn. Ọdún tó ra mọ́tò aláwọ̀ eérú kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àárín ìlú ti há jù, pé ariwo ẹ̀rọ ata kì í jẹ́ kí òun sùn lọ́sàn-án. Nígbà tó gba owó ìfẹ̀yìntì, ó ra ilẹ̀ sí ojú ọ̀nà Ìkógòsì, máìlì mẹ́ta sí ìlú. Ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin síbẹ̀, ó gbẹ́ kànga, ó mọ ògiri yí gbogbo rẹ̀ ká, ó sì fi géètì dúdú gàgàrà sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ tó mú ìyàwó rẹ̀ lọ wò ó, obìnrin náà dúró lẹ́nu géètì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Oko kòkó ló wà ní apá kan, igbó ló wà ní apá kejì.

"Bàbá Máyọ̀wá, ibí mà jìnnà o."

"Sí kí ni?" Ajíbádé rẹ́rìn-ín, ó rọra gbá orí mọ́tò bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọmọ. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré! Níbi tí mọ́tò bá wà, kí ló tún ń jẹ́ jíjìnnà?"

"Ẹ kọ́ èmi náà ní wíwà rẹ̀ nígbà náà."

Ìyẹn tún pa á lẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Adédoyin nígbà yẹn. "Ṣé ní ọjọ́ orí yìí lo fẹ́ máa fi mọ́tò kọlu ògiri kiri? Èmi ọkọ rẹ ni dírẹ́bà rẹ." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ìdí nìyẹn tí kò fi tún un sọ.

Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ dára. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹyẹ ń ké, kò sí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kí ọdún kejì tó parí, Adédoyin ti rí i pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni òun ń ṣe nínú ilé náà, ìyẹn ni kí òun máa dúró de ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Bí iyọ̀ bá tán, yóò dúró. Bí ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bá ku wákàtí kan, yóò wẹ̀, yóò wé gèlè, yóò wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, kó máa retí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ yóò jí lójú oorun ọ̀sán. Nígbà tí epo bẹntiróòlù wá wọ́n gógó, Ajíbádé fi òfin lélẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mọ́tò yóò máa jáde, ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí kò bá bọ́ sí ọjọ́ méjèèjì, kó yáa sinmi. Ìpàdé àwọn obìnrin, ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣe é. Bó ṣe di pé kò lọ mọ́ nìyẹn.

Kì í ṣe pé ó káwọ́ gbera. Lọ́jọ́ kan ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó ní òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà yẹn kò ní etí. Ibi tí ọ̀dà parí sí ni koríko ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ agbégi kan fi sáré kọjá lára rẹ̀, tí atẹ́gùn rẹ̀ sì ṣí gèlè lórí rẹ̀ sọ sínú igbó. Ó dúró sójú kan. Kò wá gèlè náà. Ó padà sílé. Àwọn ọlọ́kadà tó ń ti Ìkógòsì bọ̀, èrò méjì méjì ló ti wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n á kàn fun fèrè sí i lẹ́nu géètì pé, "Màmá, ẹ kú ìjókòó o!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nọ́ọ̀sì kan fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ sì jìn wọlé. "Màmá, ìjókòó ti pọ̀ jù. Ẹ máa rìn." Níbo ni yóò rìn sí? Láràárọ̀ ni ó wá ń rin inú ọgbà yípo, láti géètì dé kànga, láti kànga gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, títí yóò fi tún yọ sí géètì. Ogójì ìgbà. Nígbà tó yá, koríko ibẹ̀ kú, ọ̀nà tóóró kan sì là yí ilé náà ká, bí irú èyí tí ewúrẹ́ máa ń tẹ̀ yí igi tí wọ́n bá so ó mọ́ ká.

Ọjọ́ Ajé kan ni Fọlákẹ́mi, ọmọ Felicia, pè é lórí fóònù. Ó ní ara ìyá òun kò yá, ó sì ń bèèrè Tíṣà èkejì.

Adédoyin lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Epo tó kù nínú mọ́tò kò lè gbé wa lọ kó tún gbé wa bọ̀," Ajíbádé ní. "A ó ra òmíràn lọ́jọ́ Sátidé, a ó sì yà kí i. Ibà ni yóò jẹ́."

Adédoyin pe ọlọ́kadà kan tó ní nọ́ńbà rẹ̀. Onítọ̀hún ní òun ń bọ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó rọ̀ lọ́jọ́ kejì, kò wá. Felicia kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Adédoyin kò ké. Ó wọ ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí, ó sì ń bó iṣu. Ó bó o títí ó fi ju ohun tí ènìyàn méjì lè jẹ lọ́jọ́ mẹ́ta. Ajíbádé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Máyọ̀wá, pẹ̀lẹ́."

"Máìlì mẹ́ta," ni Adédoyin sọ.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú náà, wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Priscilla, tí ilé rẹ̀ wà ní ìparí ìlú, ti sá kòkó sórí tapólì lẹ́bàá títì, ó sì ń fi ẹsẹ̀ yí i. Adédoyin tẹrí sínú báàgì, ó ń wá áńkáṣíìfù. Ohun tó gbọ́ ni ìró kan lábẹ́ táyà, pàràpàrà, bí ìgbà tí òjò yìnyín bá ń bọ́ sórí páànù, lẹ́yìn náà ni igbe.

Ajíbádé tẹ bíréèkì. "Ṣé kòtò ni?"

"Kòtò kẹ̀? Kòkó lẹ gùn! Priscilla wà lórí rẹ̀!"

Ajíbádé yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wá Priscilla. Priscilla sì rèé nínú gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, kò ju ẹsẹ̀ márùn-ún lọ sí i, ó dìde pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ọkùnrin náà wo ibi tó wà gan-an, kò rí i.

Ìgbà náà ni ó yé Adédoyin. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọkọ rẹ̀ ti máa ń bi í lójú ọ̀nà pé, "Ta ló ń bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn?" "Ewúrẹ́ ta nìyí?" "Ṣé àwọn ará Ìlọ́rò ni wọ́n dúró yẹn?" Òun rò pé ó kàn fẹ́ kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ ni, inú òun sì ń dùn. Àṣé ẹnu òun ni ọkùnrin náà fi ń ríran.

Priscilla kò fara pa, wọ́n sì san owó kòkó rẹ̀. Mákindé, àbúrò Ajíbádé tó ń gbé ilé ẹbí nínú ìlú, ló háyà ọkọ̀ tó gbé wọn lọ rí dókítà ojú ní Adó. Dókítà ní àrùn kan ti jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá, pé bí ẹni ń wo ìta láti inú ihò ìwé tí wọ́n ká róbótó ni bàbá ń ríran. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Òògùn ni wọn yóò máa kán sí i kí èyí tó kù má bàa lọ. "Ní ti mọ́tò," dókítà ní, "ó parí lónìí."

Adédoyin ri kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú gàrí. Ọjọ́ kẹta, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nílé ìdáná, gàrí ti dànù káàkiri ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ tì mí mọ́lé ni?"

"Ọdún mẹ́jọ rèé tí a ti wà ní àtìmọ́lé," Adédoyin dá a lóhùn. "Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò mọ̀, torí ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Ajíbádé jókòó sórí gàrí.

Máyọ̀wá, ọmọ wọn tó wà ní Pọ́tá, gbọ́, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, òun yóò máa san owó dírẹ́bà. Dírẹ́bà kan wá láti Aramọkọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Kó tó dé lójoojúmọ́, oòrùn ti mú, torí òun náà ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e wá sídìí ọkọ̀. Bí yóò ṣe padà sílé nírọ̀lẹ́ sì tún jẹ́ ìyọnu mìíràn. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjèèjì kàn wà nínú ògiri náà. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí wọn ò rí ojú ẹlòmíràn. Òróró tán, wọ́n jẹ iṣu lásán. Ní àárọ̀, nígbà tí Adédoyin bá ń rìn yí ilé ká, yóò rí ọkọ rẹ̀ tó jókòó sínú mọ́tò níbi tí wọ́n gbé e sí, tó di ọwọ́ sítíà mú, tó ń wo géètì.

Adédoyin pe Mákindé. "Yàrá méjì tí ẹ ń kó àpò kòkó sí yẹn, ẹ bá mi gbá a."

"Ẹ̀gbọ́n ò ní gbà o, ìyàwó wa."

"Èmi ti gbà."

Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ Márúwá Mákindé yóò wá kó ẹrù, Ajíbádé tún wà nínú mọ́tò. Adédoyin ṣí ìlẹ̀kùn kejì, ó jókòó tì í.

"Mo mọ ọ̀nà yìí lórí," Ajíbádé ní. "Mo lè dijú kí n wà á dé Aramọkọ."

"Mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe ń wà á."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. "Bí a bá dé ọ̀hún, kí ni mo fẹ́ máa ṣe? Kí wọ́n máa fà mí lọ́wọ́ kiri bí ọmọ ìrákòrò?"

"Èmi ni n ó máa fà yín."

"Bí mo bá ní mi ò lọ ńkọ́?"

"Ẹrù mi ti wà lẹ́nu géètì. Mi ò kọ̀ yín o, Bàbá Máyọ̀wá. Ilé yìí ni mo kọ̀."

Wọ́n gbọ́ fèrè kẹ̀kẹ́ níta. Ajíbádé kò mira. Mákindé kó ẹrù tán, ó nu ojú, ó sì ń wo ilẹ̀. Ìgbà tí Adédoyin gbé ẹsẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbọ́ tí ìlẹ̀kùn mọ́tò dún. Bàbá ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń tọ ara ògiri.

Èmi kò lè sọ pé ìdùnnú ló ṣubú lu ayọ̀. Yàrá náà ń rùn kòkó, ó gbóná, ẹ̀rọ ata sì ń pariwo láti àárọ̀. Fún oṣù mẹ́rin, Ajíbádé kò jáde kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú ń tì í kí àwọn tó ti ń juwọ́ sí láti inú mọ́tò wá máa yà fún un lójú ọ̀nà. Ilé ojú ọ̀nà Ìkógòsì wà ní títì pa. Àwọn tó fẹ́ yá a wá wò ó, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi Mákindé: "Báwo ni èèyàn ṣe ń jáde níbí?" Wọ́n a sì máa lọ.

Adédoyin ní tirẹ̀ ń rìn. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ fà. Ọjọ́rú àkọ́kọ́ tó lọ sí ìpàdé, ìkíni ló mú un pẹ́, orin ti parí kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ilé Felicia kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé báyìí, bó bá sì ti dé ibẹ̀, ojú òdìkejì ọ̀nà ló máa ń wò.

Ní ọdún Kérésìmesì, Máyọ̀wá gbé mọ́tò tuntun wá láti Pọ́tá. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, ó tẹ táyà rẹ̀ wò, ó ní kó tan ẹ́ńjìnnì kí òun gbọ́ ọ. Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, ó ti jókòó síwájú, ó ti de bẹ́líìtì, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé tó fẹ́ lọ ìrìn àjò.

"Màámi, ẹ wọlé ká lọ," Máyọ̀wá ní.

"Ẹ máa lọ," ni Adédoyin wí. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gbé Bíbélì há abíyá, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ, níbi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà.