Orúkọ Tó Wà Lára Irin

Bí mo bá gbọ́ òórùn epo pupa tó ń jó lórí irin gbígbóná níbikíbi, ilé wa lẹ́yìn Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Kì í ṣe ilé ìdáná o. Abẹ́ igi máńgòrò ni, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń gbé ọkọ̀ akérò rẹ̀ sí bó bá ti Glei dé, tí yóò ṣí iwájú ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè tutù. Èéfín tín-ín-rín á máa rú láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, á máa rùn bíi ti ẹni tó gbàgbé àkàrà sórí iná. Àwọn èrò á yínmú, wọ́n á ní ọkọ̀ ti fẹ́ gbiná. Àwa ará ilé ò ní wí nǹkan kan, torí a mọ ohun tó ń jó.

Má rẹ́rìn-ín o, mo mọ̀ ọ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Kí n tó padà sílé, ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Lómè, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ènìyàn gba ọkọ̀ àlòkù jáde ní èbúté. Àsìkò náà ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àmì mẹ́tàdínlógún, lẹ́tà àti òǹkà tó wọnú ara wọn, kí n sì sọ fún ọ̀gá mi ohun tó wí: ilẹ̀ tí wọ́n ti tò ó, ilé iṣẹ́ tó tò ó, irú ẹ́ńjìnnì tó ní, ọdún rẹ̀, àti ipò rẹ̀ láàrin àwọn tí wọ́n jọ jáde. Oníṣòwò á búra pé ọkọ̀ òun ò tíì pé ọdún márùn-ún, èmi á wo àmì kẹwàá, níbi tí wọ́n ń kọ ọdún sí, mà á ní, "Ọ̀gá, ọdún mẹ́wàá ni o." Iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Obìnrin kúkúrú bí èmi, nínú oòrùn, láàrin ọkọ̀ tí kò lóǹkà, tí kò sì sí ọkùnrin kan tó lè purọ́ ọkọ̀ fún mi!

Nígbà tí bàbá wa kú, a ta oko kọfí rẹ̀, èmi ni mo sì bá ẹ̀gbọ́n mi yan ọkọ̀ tí a fi owó rẹ̀ rà. Ó ti forí gbá nǹkan ní Amẹ́ríkà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo iwájú inú rẹ̀, pátákó kékeré tó máa ń gbé nọ́ńbà lábẹ́ gíláàsì sì ti bá èyí tó fọ́ lọ. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ẹni tó bá wa kun ọkọ̀ ló ha á dànù. Èyí tó kù ni èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin gan-an, lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, tẹ orí wo ibẹ̀, ó ní, "Kí ni wọ́n kọ síbí?" Inú mi dùn, mo kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ibí ni ilẹ̀ rẹ̀, ibí ni ilé tó ti wá, ibí ni ọdún tí wọ́n bí i, ìparí yìí sì ni ipò rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Bàbá Àgbà mirí. Ó ní, "Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, àfi kí á máa bá a sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ náà, kí ọkọ̀ tó lọ sí ọjà Moretan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Bàbá á gbé epo pupa àti ìyẹ̀fun jáde. Ibòmíràn, ara táyà ni àwọn ènìyàn ń da tiwọn sí. Bàbá ò gbà. Ó ní, "Ṣé táyà ló máa jẹ́ mi bí mo bá pe ọkọ̀?" Orí nọ́ńbà náà ló ń da epo sí, tó ń bẹ irin kó gbé ọmọ òun lọ kó gbé e bọ̀. Bó bá di ọjọ́ ọdún, ẹ̀jẹ̀ adìẹ á kún un, ìyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi nìyí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, nínú ẹgbẹ́ akọrin. Fádà kéde pé lọ́jọ́ Ìsinmi kan, kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ gbé e wá fún ìbùkún, òun á fi omi mímọ́ wọ́n ọn, kí wọ́n ṣí iwájú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Mo ro bí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ṣe máa rí ìyẹ́ adìẹ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, Bàbá wà lóko, mo mú ọ̀bẹ ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Epo náà ti gan, ó ti le bí òkúta. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, ọ̀bẹ yọ̀. Nígbà tí mo fi aṣọ nù ún, irin tó ti dógùn-ún lábẹ́ ẹ̀jẹ̀ ti bó, àmì kan sì ti bá a lọ, èyí tó ṣáájú ti ìparí. Ìlà ọ̀bẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, ó ní, "Ta ni yóò wò ó?" A pa á dé.

Ẹni tó wò ó dé láìpẹ́. Àwọn jándáàmù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, dá ọkọ̀ wa dúró lójú títì, wọ́n ṣí iwájú rẹ̀, wọ́n rí ibi tí ọ̀bẹ gbà. Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́lé. Nígbà tí èmi àti Bàbá Àgbà dé ibùdó wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, orí ilẹ̀ ni ó jókòó, wọ́n ti bọ́ bàtà àti bẹ́líìtì lára rẹ̀. Ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ fún mi ní Faransé, láìgbójú sókè: "Màdáàmù, báyìí ni ọkọ̀ tí wọ́n jí ṣe máa ń rí. Ìwé yín lè jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn. Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ ń lọ sí Lómè, ọkùnrin yìí náà ń lọ."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ méjì ni wọ́n ti ń bi í pé ta ló ha nọ́ńbà náà, kò dárúkọ mi. Bàbá Àgbà bi mí ohun tí ọ̀gá wí, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó ní kí n sọ fún un pé òun ló ń da epo síbẹ̀, pé bóyá epo ló jẹ irin. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn tó kù pé kí wọ́n wá gbọ́. "Ẹ ò rí àwọn ará oko! Wọ́n ń fún ọkọ̀ lóúnjẹ!"

Ẹ̀rín yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti ìta pòórá, inú bí mi. Bàbá tó dàgbà tó bàbá tiẹ̀, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́! Mo ní, "Èmi ni mo ha á. Ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi ha á. Bàbá yìí kò mọ̀ nípa rẹ̀." Mo sọ ọ́ ní Faransé, mo tún sọ ọ́ ní Ifẹ̀, èdè ilé wa, kí Bàbá gbọ́. Ó yí ojú sí mi. "Ìwọ?" Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ṣùgbọ́n n kò jókòó. Mo ní kí ọ̀gá fún mi ní bébà. Mo ṣàlàyé pé nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, àmì kẹsàn-án ni ẹ̀ṣọ́ àwọn tó kù. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, ipò kọ̀ọ̀kan sì ní òǹkà tí a fi ń sọ iye náà di púpọ̀. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó pín in sí mọ́kànlá-mọ́kànlá, ohun tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ bá àmì kẹsàn-án mu. Bí òǹkà kan bá sọnù, àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù lè sọ ọ́.

"Ìtàn," ni ọ̀gá wí.

Mo ní, "Ọkọ̀ yín wà ní ìta, Amẹ́ríkà lòun náà ti wá. Ẹ lọ kọ nọ́ńbà rẹ̀ wá. Nínú òǹkà mẹ́rin tó parí rẹ̀, ẹ fi ọ̀kan pamọ́ fún mi, èyí tó bá wù yín."

Ó dìde. Ó padà wá pẹ̀lú bébà tó fi ìlà sí ojú kan. Mo rò ó lẹ́ẹ̀kan, mo tún un rò, gbogbo wọn ń wo báírò mi. Mo ní, "Méje." Ọ̀gá jáde lọ wo ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé òǹkà náà lè ti yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó fa àga kan sún mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ṣe tiyín."

Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ pe mẹ́rìndínlógún tó rí lára irin wa fún mi. Mo gbìyànjú òdo, ọ̀kan, méjì, títí dé mẹ́sàn-án, níṣojú rẹ̀. Òǹkà kan ṣoṣo ló bá a mu. "Mẹ́rin ni. Kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ìwé ọkọ̀ wa wà lábẹ́ tábìlì yín, ẹ wò ó." Ó fà á yọ, ó fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà náà títí dé ibẹ̀. Mẹ́rin ni.

Ó ní, "Ẹ máa gbé e lọ."

Mo ní, "Rárá o!" Ẹ̀gbọ́n mi ń fà mí láṣọ, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, jẹ́ ká máa lọ." N kò dá a lóhùn. Mo fìdí kalẹ̀ sórí àga náà. Mo ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti yẹ ọkọ̀ wò, pé nọ́ńbà rẹ̀ pé, kí ó lu òǹtẹ̀ sí i. Mo ní kí ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lójú rẹ̀ pé kì í ṣe olè. Ó kọ ti àkọ́kọ́, ó lu òǹtẹ̀. Ti èkejì, ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ó tẹ̀ba, ó mú bàtà ẹ̀gbọ́n mi nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ pé ó tó.

A dé abẹ́ máńgòrò. Níbẹ̀ ni Bàbá Àgbà ti bi mí, "Kí ni epo mi ṣe ọ́?"

"Ó ń tì mí lójú ni, Bàbá."

"Lójú ta ni?"

N kò rí ẹnì kan dárúkọ. Fádà tí mo ń ha irin nítorí rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ ìbùkún pé, àárín ọkọ̀ ló rìn kọjá tó ń wọ́n omi, kò tilẹ̀ wo inú ẹ́ńjìnnì ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Bàbá. Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Èyí tó lọ yẹn, ṣé òótọ́ ni pé àwọn tó kù ló dárúkọ rẹ̀?" Mo ní òótọ́ ni. Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn ju gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé lọ. Títí ó fi kú, ó ń ròyìn rẹ̀ fún àlejò, pé àwọn ará ilé kan kò gbà kí wọ́n gbàgbé ọmọ wọn.

Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Kì í ṣe irin yẹn ni mo kọ́kọ́ ha. Mo ti ha èdè wa kúrò lẹ́nu mi ní Lómè, mo ti ha orúkọ tí Bàbá sọ mí kúrò nínú ìwé, nítorí àwọn tí kò wò mí rárá. Mo ti dá èdè àti orúkọ náà padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ gbé omi mu.

Ọkọ̀ náà ti kú báyìí. Kí wọ́n tó wó o tà fún àwọn alágbẹ̀dẹ, mo ní kí wọ́n gé irin yẹn fún mi. Ó wà lójú fèrèsé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí Bàbá kú, mo máa ń kán epo sí i, mà á sì pe gbogbo mẹ́tàdínlógún pátá, títí kan èyí tí kò sí níbẹ̀ mọ́, mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ sọ fún Fádà. Bí epo bá pọ̀ jù, mo máa ń nù ún, ṣùgbọ́n aṣọ rírọ̀ ni mo fi ń nù ún.