Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kún, Ìpè Ò Lọ: Bí Màámi Ṣe Sọ Ọmọ Lórúkọ Láti Ayépé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n rojọ́. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò, ẹ sì lè fi mí rẹ́rìn-ín bó ṣe wù yín, torí èmi gan-an ò tíì rẹ́rìn-ín tán!

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé Bùkọ́lá ọmọ mi àti Káyọ̀dé ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Bùkọ́lá bí ọmọbìnrin, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Èmi di ìyá àgbà. Ìyá tó bí mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, wá rí ọmọ ọmọ ọmọ. Ẹ bá mi dúpẹ́!

Nínú ẹbí wa, obìnrin tó dàgbà jù lọ ló máa ń kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ tuntun ní ọjọ́ kẹjọ. Kí ó tó pè é, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi orúkọ kankan pe ọmọ náà, “àlejò” là ń pè é. Màámi ló sọ èmi lórúkọ, àwọn ló sọ Bùkọ́lá náà. Wọn kì í sì í jẹ́ kí orúkọ jáde lẹ́nu wọn kí ọjọ́ tó pé. Kí n tó wọ bààlúù, mo lọ kí wọn ní Ayépé, mo tàn wọ́n, mo fọgbọ́n bi wọ́n léèrè. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n pe àwọn lọ́jọ́ náà ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

Mo ní kò sí wàhálà. Ẹnu mi dùn!

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fóònù Màámi. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni, kò mọ Wasáàpù, kò mọ fídíò. Màámi ò mọ̀wé kà, torí náà mo fi orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tí orin tèmi bá ti ń dún, wọ́n ti mọ̀ pé èmi, tí gbogbo wọn ń pè ní Tísà, ló ń pè.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn oníjìbìtì kan pe Màámi. Wọ́n ní mo wà ní ọsibítù, kí Màámi tètè ka nọ́ńbà tó wà lára káàdì báǹkì wọn fáwọn. Ọlọ́run ló yọ wá, Màámi ò rí káàdì náà lákòókò yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ Màámi di ọmọ kíláàsì mi. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ti ṣe tísà fún ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ náà kì í tán lára rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé Ayépé, a máa ka òfin wa bí ẹni ń ka tábùlù, èmi á máa béèrè, Màámi á máa dáhùn.

Tí orin tiwa ò bá dún ńkọ́? Mi ò ní gbé e. Tí ẹlòmíràn bá gbé fóònù tiẹ̀ wá pé èmi ni mo wà níbẹ̀ ńkọ́? Mi ò ní gbà á gbọ́. Tí ẹ bá gbọ́ ohùn mi ńkọ́? Wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ohùn. Tí ẹ bá rí ojú mi ńkọ́? Wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ojú! Kí lẹ máa wá ṣe? Màá bi í ní ohun tí ẹni ilé nìkan mọ̀.

Inú mi máa ń dùn. Ta ló tún kọ́ ìyá rẹ̀ tó báyìí ní gbogbo Ìjẹ̀bú? Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ?

Nígbà tí ìrìn àjò ku ọjọ́ díẹ̀, mo lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n bá mi ṣí ròmíìnì, kí láìnì mi lè ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ṣí i. Ó wá rọra bi mí bóyá fóònù mi lè fi 4G pe èèyàn, torí wọ́n ti ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ láwọn orílẹ̀-èdè kan. Kí ni mo sọ? Mo ní ọmọ mi, mo ti ń lo fóònù kí wọ́n tó bí ẹ! Ó rẹ́rìn-ín, ó kí mi pé ó dàbọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rí ìgbéraga!

Ọjọ́ keje tí wọ́n bí ọmọ ni mo gúnlẹ̀ sí Houston. Mo tan fóònù, ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dẹ́múdẹ́mú. Mo kọ̀wé lórí Wasáàpù sáwọn ará ilé pé mo ti dé, ó lọ wẹ́rẹ́. Mo gbé àlejò wa mọ́ra, mo sunkún ayọ̀, mo jẹun, mo sùn. N kò dán ìpè kankan wò. Kí ni mo fẹ́ dán wò nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún?

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Pálọ̀ kún fún àwọn àna mi àtàwọn ọ̀rẹ́. Pásítọ̀ dé, ó gbàdúrà. Oyin, iyọ̀ àti omi wà lórí tábìlì. Káyọ̀dé ní, “Mọ́mì, ó yá, ẹ bá wa pe Màámi.” Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn, mo tẹ nọ́ńbà wọn.

Ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó ku méjì, ó ku ẹyọ kan, ó di òfìfo. Fóònù ní ìpè ti parí. Ìpè tí kò tíì bẹ̀rẹ̀!

Mo tún un tẹ̀. Bákan náà. Mo pa á, mo tàn án. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo na fóònù sókè bí à ti máa ń ṣe nílé, àfi bíi pé ojú ọ̀run ni mo fẹ́ ti já nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Káyọ̀dé tẹ̀ lé mi jáde, ó gba fóònù náà, ó wò ó dáadáa, ó mi orí.

Ó ṣàlàyé fún mi pé orí 2G àti 3G ni fóònù mi ti máa ń pe èèyàn, ibi tí a wà yìí sì ti pa méjèèjì. 4G ló ń gbé Wasáàpù mi, àmọ́ fóònù mi ò lè gbé ìpè gba ibẹ̀. Ìyẹn ni pé mo lè fi fọ́tò ránṣẹ́ sí gbogbo Ìjẹ̀bú, n kò sì lè pe ìyá mi!

Ó ní kí n má dààmú, kí a fi fóònù tiẹ̀ pè wọ́n. Ó pè. Ó dún lọ́hùn-ún, ó dún títí ó fi já. Bùkọ́lá fi tirẹ̀ pè. Ó dún, ó já. Pásítọ̀ náà fi tirẹ̀ dán an wò, ó já. Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ayépé. Orin tèmi kọ́ ló ń dún, akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ń pa òfin mọ́!

Pásítọ̀ wo aago, ó ní òun tún ní ìkómọ mìíràn níbòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn àna mi dábàá pé kí àwọn kọ́kọ́ pe orúkọ tàwọn, kí Màámi sọ tiwọn tó bá yá. Kò burú lójú rẹ̀, àmọ́ omi ti lé sójú Bùkọ́lá. Ó ní Màámi ló kọ́kọ́ pe òun lórúkọ, òun ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gba iwájú wọn lórí ọmọ òun. Ó ní ta ló mọ̀ bóyá Màámi tún máa sọ òmíràn lórúkọ láyé yìí? Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Èmi ni mo fà á, èmi ò sì lè sọ ọ́ síta.

Mo wá rántí Fúnkẹ́, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé Màámi. Mo kọ́ ọ nílé ìwé, ó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí. Mo pè é lórí Wasáàpù, mo ní Fúnkẹ́ jọ̀ọ́, sáré! Fúnkẹ́ sáré tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, a ń wo gbogbo rẹ̀ nínú fídíò lórí fóònù mi.

Ẹ wo Màámi o! Wọ́n jókòó síwájú ilé pẹ̀lú léèsì funfun, wọ́n wé gèlè, fóònù onítọ́ọ̀ṣì wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń retí orin mi.

Fúnkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní Tísà ló wà lórí fóònù òun. Màámi wò ó tìyanu-tìyanu. “Fúnkẹ́! Ìwọ náà ti wà nínú wọn?”

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Fúnkẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo pariwo pé Màámi, èmi ni o! Wọ́n sún mọ́ fóònù, wọ́n yẹ ojú mi wò, wọ́n ní ó jọ ọ́ lóòótọ́, iṣẹ́ àwọn oníjìbìtì ti gbọ́n sí i!

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ìjókòó wọn ṣe. Wọ́n ní tí mo bá jẹ́ ọmọ àwọn, kí n sọ ohun tí mo ṣe ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ nígbà tí a lọ kí àǹtí àwọn.

Mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn àna mi ń wò mí. Pásítọ̀ ń wò mí. Èmi, gíwá ilé ìwé tẹ́lẹ̀! Mo rọra sọ pé mo kó gbogbo ẹja inú ìkòkòrè jẹ. Màámi ní àwọn ò gbọ́. Mo pariwo rẹ̀. Wọ́n ní, “Ta lo wá purọ́ mọ́?” Mo ní ológbò ni, mà. “Nígbà tí mo fa pàṣán yọ ńkọ́?” Mo ní Màámi, ẹ jọ̀ọ́, àwọn àna mi wà níbí. Wọ́n ní ọmọ àwọn máa dáhùn.

Mo ní mo tọ̀ sára!

Ẹ ò rí ẹ̀rín! Káyọ̀dé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bùkọ́lá ń fi ìbòrí ọmọ nu omijé. Ní Ayépé, Màámi ń jó lórí ìjókòó, wọ́n ń pariwo pé ọmọ àwọn ni, ọmọ àwọn ni!

Wọ́n wá bi mí jẹ́jẹ́ pé fóònù náà dún, ó dún, ó dún, àwọn ò gbé e, ṣé àwọn ṣe dáadáa? Ẹ̀yin èèyàn mi, omi bọ́ lójú mi. Mo ní ẹ ṣe dáadáa, Màámi, ẹ gba gbogbo máàkì.

A gbé fóònù sétí ọmọ. Màámi ní gbogbo wa ti rò pé Tòkunbọ̀ ni àwọn máa pè é. Wọ́n ní rárá, ti òkun kọ́ ni ọmọ náà, ti àwọn ni. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti gbọ́ pé ó dé, ọwọ́ àwọn ò gbé ibì kan mọ́, bíi pé ọmọ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn. “Morẹ́nikẹ́. Morẹ́nikẹ́ ni o. Mo rí ẹni tí n ó kẹ́.”

Àmín tí a ṣe, àwọn òyìnbó ilé kejì gbọ́ ọ.

Kí ni mo rí kọ́? Kí ẹ tó wọ bààlúù, ẹ béèrè bóyá fóònù yín àti láìnì yín lè gbé ìpè gba orí 4G níbi tí ẹ ń lọ. Ẹ má wo ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan. Ẹ pe nọ́ńbà kan wò lọ́jọ́ tí ẹ bá gúnlẹ̀. Tí ẹ bá sì kọ́ àgbàlagbà yín ní òfin fóònù, ẹ kọ́ wọn dáadáa bí mo ṣe kọ́ Màámi, n kò kábàámọ̀ rẹ̀ rárá! Ẹ sáà rí i pé ìdáhùn tí ẹ máa fi wọlé ò ní dójú tì yín níwájú àna.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ta ni fóònù ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílẹ̀ òkèèrè rí? Ta ni ìyá rẹ̀ ti pè ní oníjìbìtì? Ẹ kọ tiyín sí ìsàlẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́, èmi náà ò kúkú fi pamọ́. Màá kà wọ́n sókè ketekete fún Morẹ́nikẹ́. Orí ẹsẹ̀ mi ló wà báyìí, ó sì ti jí.