Hóró Kan Lójúmọ́

Ọdún tí nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró pátápátá ni mo tó mọ̀ pé èèyàn lè máa làágùn níwájú fáànù. Ooru náà lè ká mi mọ́ ìdí pátákó nílé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Màá gba ìwé ọwọ́ ọmọ kan, màá fi fẹ́ ara mi, àwọn ọmọ á sì máa sọ pé, "Mà, ẹ̀ ń làágùn," àfi bíi pé èmi ò mọ̀.

Dókítà obìnrin kan ní Ìgàndó ló kọ oògùn fún mi. Kò lè ju àkọ́bí mi lọ. Ó ní èròjà obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn ló ti dín kù lára mi, kí n máa gbé hóró kan mì lójúmọ́, pẹ̀lú oríṣi kejì tí yóò dáàbò bo ilé ọmọ mi. Ó bi mí ní ìbéèrè rẹpẹtẹ: ọyàn ńkọ́, ọkàn ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú ẹbí? "Rárá" ni mò ń dáhùn kó tó sọ̀rọ̀ tán, torí mo fẹ́ tètè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ooru ò lọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìpájà.

"Hóró bíńtín yẹn?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Lò ó ní méjì jàre!"

Mo lò ó ní méjì. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ọyàn fi ń dùn mí, tí èébì sì ń gbé mi láàárọ̀ bí aláboyún. Mo gba Ìgàndó lọ, mo jẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ, mà!" Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ya ikùn èèyàn sórí ìwé. "Tẹ́ ẹ bá gbé e mì, ara ìfun ni ẹ̀jẹ̀ ti máa gbé e. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ò sì tíì lọ káàkiri ara o, ẹ̀dọ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀dọ̀ á tú èyí tó pọ̀ jù palẹ̀, á sọ òmíràn di oríṣi ẹ́sítírójìn tí agbára ẹ̀ ò tó ti àkọ́kọ́. Díẹ̀ ló máa kù."

"Ṣebí ìdí nìyẹn tí mo fi lò ó ní méjì?"

"Àwọn tó ṣe é ti ṣírò ìyẹn mọ́ ọn, mà. Òmíràn tiẹ̀ máa ń bá òróòro padà sínú ìfun, kí ara tún gbà á wọlé, kí ẹ tó wá tọ ìyókù dànù. Sùúrù ló gbà, ó lè tó oṣù mẹ́ta." Ó gbé bírò sílẹ̀. "Àmọ́ bó ṣe ń gba ẹ̀dọ̀ kọjá yẹn, ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe púpọ̀ sí i nínú ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìdí tí mo fi bi yín nípa ẹbí nìyẹn."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo rántí ẹsẹ̀ òsì ìyá mi, bó ṣe wú tó, àti bí wọ́n ṣe sọ fún wa ní ọsibítù pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú ẹ̀. Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Kò bá mi wí. Ó yẹ ẹsẹ̀ mi wò, ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò, ó sì dá oògùn náà dúró.

Nígbà tí èsì jáde tí kò sí wàhálà, ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n wá fún mi ní èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara bíi púlásítà. Ó ní awọ ara ló ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀, kò ní kọ́kọ́ kan ẹ̀dọ̀, ewu ẹ̀jẹ̀ dídì sì kéré sí ti oníhóró. Ọ̀nà àbùjá nìyẹn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. "Tí dókítà bá bi yín nípa ẹ̀jẹ̀ dídì, ẹ má sọ pé rárá o."

"Hà, ẹsẹ̀ Màámi! Mo ti gbàgbé."

Oṣù kejì ni ooru náà rọlẹ̀. Ọkọ mi rí púlásítà náà nídìí mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí ló ṣe mí. Mo fi í jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìfun, mo gba ẹ̀dọ̀, mo dé òróòro. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán pátá, ló bá bèèrè bóyá wọ́n ní irú ẹ̀ fún orúnkún.